Labalábá méjì lórí bọ̀mùbọ̀mù: ta ló kọ́ èyí tó ń fara wé èkejì?

Ìbéèrè: "Igi bọ̀mùbọ̀mù kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìṣẹ́yìn. Labalábá aláwọ̀ ọsàn tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú kì í wọ́n níbẹ̀. Olùkọ́ ọmọ mi sọ pé oríṣi méjì ni wọ́n: ọ̀kan ní májèlé lára, èkejì kò ní, ó kàn ń fara wé ti àkọ́kọ́ kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́. Ohun tí kò yé mi ni pé labalábá kò ní dígí. Báwo ló ṣe mọ bí ara òun ṣe rí, tí yóò wá mọ bí òun ṣe máa jọ ẹlòmíì? Ta ló kọ́ ọ? Bó bá sì dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo labalábá kò ṣe é?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ sì kú ojú lílà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Labalábá náà kò mọ̀ pé òun jọ ẹnikẹ́ni, kò sì fìgbà kan gbìyànjú láti jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà "fara wé" ló ń ṣì wá lọ́nà: lẹ́nu wa, ẹni tó bá fara wé ẹlòmíì ti wò ó, ó ti wù ú, ó sì ti sapá. Àwọn àgbà ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ bi mí yìí, ẹyẹ gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ojú ẹyẹ, ẹnu ẹyẹ àti ìrántí ẹyẹ ló gbẹ́ labalábá yín bí agbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ igi: ó ń gé ohun tí kò yẹ dànù, èyí tó ṣẹ́kù ni à ń wò.

Ẹ jẹ́ ká ti orí igi yín bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni májèlé ti wá. Labalábá onímájèlé yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Danaus chrysippus. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sára ewé bọ̀mùbọ̀mù. Ọmọ tó bá pa, ìyẹn kòkòrò ajẹwé tí kò tíì ní ìyẹ́, ní ìlà dúdú, funfun àti yẹ́lò tó yí ara rẹ̀ ká, ó sì ní ohun dúdú rírọ̀ bí ìwo ní ọ̀nà mẹ́ta, méjì-méjì: nítòsí orí, láàárín ara, àti nítòsí ìdí. Bó ṣe ń jẹ ewé ló ń jẹ oje funfun inú rẹ̀, oje náà sì kún fún èròjà kan tó ń jẹ́ cardenolide.

Iṣẹ́ tí cardenolide ń ṣe rèé. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko, ohun kan wà tó dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀: ó ń kó sodium síta, ó ń kó potassium wọlé, tọ̀sán-tòru. Bí ó bá dáwọ́ dúró, iṣan ọkàn kò ní lè lù bó ṣe yẹ. Cardenolide máa ń lẹ̀ mọ́ agbọ́nmi yìí, kò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Nínú monarch, ìbátan Danaus yìí tó wà ní Amẹ́ríkà, ibi tí májèlé náà máa ń lẹ̀ mọ́ ti yí padà, kò rí ibi dì mú mọ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ fi irú àyípadà mẹ́ta péré sínú jíìnì (ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí) eṣinṣin inú èso, eṣinṣin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tó ní cardenolide láìkú. Ìdènà yẹn ló jẹ́ kí irú labalábá bẹ́ẹ̀ lè tọ́jú májèlé igi sínú ara tirẹ̀, títí tó fi hu ìyẹ́.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ wàrà. Òótọ́ ni pé oje bọ̀mùbọ̀mù ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń di wàrà, ṣùgbọ́n ènsáìmù inú oje náà ló ń di í, kì í ṣe cardenolide. Tí ẹ bá ń yẹ ewé náà wò, ẹ má fi ọwọ́ tó ní oje kan ojú. Ó máa ń ṣe ẹyinjú lọ́ṣẹ́, ó sì lè sọ ojú di bàìbàì láìdunni rárá, débi tí ènìyàn kò fi ní tètè fura. Bó bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Pé ara igi ni májèlé ti wá kì í ṣe àbá lásán. Ní àwọn ọdún 1960, Lincoln Brower àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ẹyẹ blue jay ní monarch jẹ. Ẹyẹ tó jẹ èyí tí a fi ewé olóje tọ́ bì í jáde kíákíá, lẹ́yìn ìgbà náà kò sì fẹ́ fi ẹnu kan irú labalábá bẹ́ẹ̀ mọ́. Monarch tí wọ́n rọra fi ewé kábéèjì tọ́ kò ṣe ẹyẹ ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni ìyẹ́, ọ̀kan náà ni àwọ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an: ẹyẹ kò lè fi ojú rí májèlé. Àwọ̀ nìkan ló ń rí, àwọ̀ náà ló sì ń rántí. Nítorí náà ni Danaus yín ṣe ń fò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Àǹfààní rẹ̀ ni kí a rí òun dáadáa, kí a má ṣì í mú. Awọ ara rẹ̀ tún yi: ẹyẹ lè fi ẹnu tẹ̀ ẹ́ wò, kó tu ú sílẹ̀, kí labalábá náà sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Èyí èkejì ni Hypolimnas misippus. Kò jẹ bọ̀mùbọ̀mù. Pápásan àti irú ewéko bẹ́ẹ̀ tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ, ọmọ náà sì dúdú, ó ní ẹ̀gún káàkiri ara, orí rẹ̀ sì pọ́n. Ẹyẹ tó bá gbà á mú yóò jẹ ẹ́ tán láìsí ìyọnu.

Láti mọ èwo ni èwo, ẹ má lé wọn kiri. Ẹ dúró di àárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yá oòrùn tí wọ́n sì tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, kí ẹ wo òkè ìyẹ́ ẹ̀yìn. Ti Danaus ní àmì dúdú mẹ́ta tó kó ara wọn jọ sí àárín ìyẹ́ náà bó bá jẹ́ abo, mẹ́rin bó bá jẹ́ akọ, ẹ̀kẹrin yìí sì ni àpò kékeré tí akọ fi ń pèsè òórùn ìfẹ́. Ti Hypolimnas ní àmì dúdú kan ṣoṣo, ní etí iwájú ìyẹ́ ẹ̀yìn, níbi tí ìyẹ́ iwájú ti lè bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọn kò rí àmì náà, wọ́n ní kò sí. Ẹ má tún fi funfun ìyẹ́ ẹ̀yìn ṣe ìwọ̀n, nítorí pé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, ọ̀pọ̀ Danaus ló ní funfun níbẹ̀, àwọn Hypolimnas kan sì ní in pẹ̀lú. Bí ẹ bá sì rí labalábá dúdú tó ní àmì funfun ńlá lórí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí etí àmì náà ń dán bíi búlúù tó pọ́n díẹ̀, akọ Hypolimnas misippus nìyẹn. Akọ kò jọ Danaus rárá. Abo nìkan ló jọ ọ́, a ó sì padà sórí ìyẹn.

Ó wá kan ìbéèrè yín gan-an: báwo ni ọ̀kan ṣe wá jọ èkejì láìmọ̀? Gbogbo abo labalábá ló ń yé ẹyin tó pọ̀ ju iye tí yóò dàgbà lọ. Àwọn ọmọ ìyá kan náà kì í jọra délẹ̀délẹ̀, nítorí pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe ẹ̀dà jíìnì, àṣìṣe máa ń wọ̀ ọ́. Àṣìṣe náà kò wá nítorí pé labalábá nílò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe nǹkan kan, àwọn kan ń ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀kan fi pupa díẹ̀ kún ìyẹ́. Bí ẹyẹ tó ti jẹ ìyà Danaus rí bá ṣiyèméjì níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, labalábá ti lọ. Yóò yé ẹyin, ọmọ rẹ̀ yóò jogún pupa náà. Àwọn tí kò ní i ni ẹyẹ ń rí jẹ.

Ìyàtọ̀ kékeré ń di ńlá ju bí a ṣe rò lọ, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní tí 100 labalábá tí kò ní pupa bá yè, 105 nínú iye kan náà tó ní pupa ló ń yè. Ká ní pupa náà bẹ̀rẹ̀ láti ara 1 nínú 1,000. Bí a bá lo ìṣirò tó rọrùn jù lọ, ìran 142 ló máa gbà kó tó dé ara ìdajì gbogbo wọn, ìran 94 sí i ni yóò sì gbé e dé 99 nínú 100. Bí labalábá bá ń bí ìran mẹ́jọ lọ́dún, gbogbo rẹ̀ kò pé ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe mìíràn tó fi dúdú sí etí ìyẹ́ yóò tún rí ọ̀nà, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó fi funfun sí ṣóńṣó ìyẹ́. Kò sí ìgbà kankan nínú rẹ̀ tí labalábá nílò dígí. Ẹyẹ ni dígí rẹ̀.

Ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ yóò bi mí pé: àfijọ tí kò pé ńkọ́? Pupa díẹ̀ lára labalábá dúdú, ta ni yóò tàn jẹ? Apá kan ìdáhùn wà nínú òwe wa: ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ. Ohun tó jìyà rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń yẹra fún, gbogbo ohun tó bá súnmọ́ ọn ni, bí ìyà náà bá sì ṣe le tó ni yóò ṣe máa sá fún ohun tó jìnnà sí i tó. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ààlà. Kò sí ẹni tí ejò bù ṣán tí ń sá fún ewúrẹ́. Labalábá tí àwọ̀ rẹ̀ jìnnà pátápátá sí ti onímájèlé kò lè fi ẹsẹ̀ kéékèèké dé ibẹ̀, torí pé àwọn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní pé e. Fífò ńlá kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wáyé, kí kéékèèké tó máa tún un ṣe.

Ibi tí a ti rí èyí kedere jù lọ ni ara labalábá Papilio dardanus, tó ń gbé inú igbó Áfíríkà, igbó ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára rẹ̀. Akọ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò tó ní dúdú, ó sì ní ìrù ní ìyẹ́ ẹ̀yìn. Abo rẹ̀ ju oríṣi mẹ́wàá lọ: òmíràn jọ Danaus, òmíràn dúdú ó sì ní funfun bí àwọn onímájèlé mìíràn inú igbó, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ìrù. Wọ́n yàtọ̀ síra débi pé ó di 1869 kí Roland Trimen, ní Gúúsù Áfíríkà, tó fi hàn pé irú kan náà ni wọ́n. Ní Madagásíkà, abo jọ akọ.

Láti àwọn ọdún 1950, Cyril Clarke àti Philip Sheppard ní Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọwọ́ ara wọn so akọ àti abo labalábá yìí pọ̀ kí wọ́n lè bímọ, wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn, wọ́n sì ń kà wọ́n. Wọ́n rí i pé ojúkò kan ṣoṣo lórí jíìnì ló ń pinnu irú aṣọ tí abo yóò wọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì iná. Fífò ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n so akọ láti ọ̀nà jíjìn pọ̀ mọ́ abo tó jọ onímájèlé dáadáa, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí kò jọ ìyá wọn dáadáa mọ́: àwọ̀ dà pọ̀, etí ìlà kò mú. Ìyẹn fi hàn pé àwọn jíìnì kéékèèké mìíràn wà ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ti ń dán iṣẹ́ bọ́tìnì náà láti ìran dé ìran, akọ àjèjì kò sì ní irú wọn. Lóde òní a mọ ibi tí bọ́tìnì náà wà: agbègbè jíìnì tó ń jẹ́ engrailed. Nǹkan kan wà tí inú mi ń dùn láti sọ nípa Clarke. Dókítà ìwòsàn ni. Ẹ̀kọ́ nípa àbùdá tó kọ́ lára labalábá ló gbé e dé orí ọ̀rọ̀ Rhesus, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tó lè mú kí ara ìyá gbógun ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú rẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ anti-D tí à ń fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rhesus negative, kí ọmọ tó kàn má baà kú.

Bóyá ẹ fẹ́ ibi tí a ti rí ọwọ́ ọ̀tá lórí iṣẹ́ náà láìsí iyèméjì. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ejò coral olóró ní òrùka pupa, yẹ́lò àti dúdú. Ejò kan tí kò lóró, scarlet kingsnake, ní òrùka bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbé kọjá ilẹ̀ tí coral wà. David Pfennig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi plasticine, amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, mọ ejò, wọ́n fi àwọn kan ní òrùka, àwọn kan ní ìlà gbọọrọ tàbí àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì gbé wọn sílẹ̀. Èsì wọn jáde ní 2001: níbi tí coral wà, àwọn ẹranko kò fi bẹ́ẹ̀ kọlu olórùka, níbi tí kò sí, wọ́n kọlù ú gan-an. Òrùka náà kò ní agbára kankan fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀rù tí coral gbìn ló ń dáàbò bò ó.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló yà mí lẹ́nu jù. Ní agbègbè Sandhills ní North Carolina, coral ti kú tán láti nǹkan bí 1960. A lè rò pé àfarawé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fi àwọn kingsnake àtijọ́ inú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wé ti lọ́ọ́lọ́ọ́: ti lọ́ọ́lọ́ọ́ tún jọ coral ju ti àtijọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí olóró bá pọ̀, ẹranko kò ní fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, àfijọ gbàgẹ̀rẹ̀ náà á bọ́. Nígbà tí olóró bá wọ́n, ẹranko á máa dán an wò, èyí tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìkan ni wọn yóò fi sílẹ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé ìbéèrè yín tó kẹ́yìn: kí ló dé tí gbogbo wọn kò ṣe é? Ó dà bí ayédèrú owó. Bó bá wọ́n, ọjà á gbà á láìwò. Bó bá pọ̀, olúkúlùkù á máa gbé náírà sókè sí oòrùn kó tó gbà á, tòótọ́ pàápàá á sì jìyà rẹ̀. Bí aláìlóró tó jọ Danaus bá pọ̀ ju Danaus lọ, ẹyẹ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ yóò máa jẹ adùn lábẹ́ àwọ̀ ọsàn, yóò sì kọ́ òdì ẹ̀kọ́. Ààbò náà ń tán bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń pọ̀ sí i. Nítorí náà ni abo Papilio dardanus ṣe pín sí oríṣi púpọ̀: nígbà tí aṣọ kan bá ti pọ̀ lọ́jà, àǹfààní ń bẹ nínú aṣọ mìíràn. Ti akọ ní ìdí tirẹ̀. Abo tó ru ẹyin wúwo, fífò rẹ̀ kò yá, ó sì níláti máa bà lé ewé kan dé òmíràn, ìdí nìyí tí ààbò fi ṣe é láǹfààní jù. Akọ tó bá pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀ lè rí i pé abo irú rẹ̀ kò dá òun mọ̀ mọ́. Ìgbéyàwó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ikú, ní ti jíìnì.

Àfarawé aláìlóró sí olóró yìí ni à ń fi orúkọ Henry Walter Bates pè. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó lo 1848 sí 1859 lẹ́bàá odò Amazon ní Brazil, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1862. Àmọ́ Bates rí ohun kan tí kò yé e: àwọn olóró pàápàá ń jọ ara wọn. Ìwọ tí o ní májèlé tìrẹ, kí lo ń wá nínú aṣọ ẹlòmíì?

Fritz Müller, ọmọ Jámánì tó tẹ̀dó sí Blumenau ní gúúsù Brazil, dáhùn rẹ̀ ní 1879 pẹ̀lú ìṣirò kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. A kì í bí ìmọ̀ yìí mọ́ ẹyẹ. Yóò pa díẹ̀ kó tó kọ́gbọ́n. Ká ní ẹyẹ àdúgbò kan níláti pa 1,200 labalábá nínú irú kan lọ́dún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Irú kan jẹ́ 10,000, èkejì jẹ́ 2,000. Bí wọn kò bá jọra, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò pàdánù 1,200. Bí wọ́n bá jọra, 1,200 kan ṣoṣo ni wọn yóò jọ san, gẹ́gẹ́ bí iye wọn: 1,000 láti ara tó pọ̀, 200 láti ara tó kéré. Èyí tó pọ̀ jèrè 200 nínú 10,000, ìyẹn 2 nínú 100. Èyí tó kéré jèrè 1,000 nínú 2,000, ìyẹn 50 nínú 100. Iye wọn yàtọ̀ ní ìlọ́po márùn-ún, èrè wọn yàtọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nítorí náà ni olóró tó kéré fi sábà máa ń sún lọ bá èyí tó pọ̀. Níbí, kò sí ayédèrú. Èsúsú ni: bí àwọn tó ń dá a bá ṣe pọ̀ tó ni ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fúyẹ́ tó.

Ẹ lè rí èyí náà ní Ìṣẹ́yìn. Labalábá kẹta kan wà, Acraea encedon, tó kéré sí àwọn méjì yìí, tó sì ní àmì dúdú kéékèèké káàkiri ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun náà jọ Danaus, ṣùgbọ́n ó ní oró tirẹ̀. Àwọn Acraea ń pèsè linamarin nínú ara wọn, èròjà kan náà tó wà nínú gbágùúdá kíkorò, tí à ń torí rẹ̀ rin ẹ̀gẹ́, tí à ń fún un, kí a tó yan gààrí.

Àfarawé kì í ṣe ti labalábá aláwọ̀ dídán nìkan. Bí ẹ bá ní igi ọsàn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ wo ojú ewé rẹ̀ dáadáa. Ọmọ Papilio demodocus wà níbẹ̀ bí ìgbẹ́ ẹyẹ: dúdú ràkọ̀ràkọ̀, funfun sì ta sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹyẹ kì í jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀. Bó ṣe ń bọ́ awọ tó sì ń tóbi, ẹ̀tàn náà ń bàjẹ́, nítorí kò sí ìgbẹ́ ẹyẹ tó tó ìka ọwọ́. Nígbà tó bá bọ́ awọ ìkẹyìn kí ó tó sé ara rẹ̀ mọ́, ó ti di ewé tútù pátápátá. Bí ẹ bá fi igi tọ́ ọ, yóò yọ ohun kan jáde lẹ́yìn orí tó là sí méjì bí ahọ́n ejò, òórùn rẹ̀ sì ń ta ni nímú. Wọ́n ń jẹ ewé ọsàn o: lórí igi ńlá wọn kò ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè jẹ igi ọsàn kékeré inú àpò tí a fi ń tọ́ irúgbìn tán. Ẹ fi ọwọ́ ṣà wọ́n kúrò, kò gba oògùn.

Lórí igi máńgòrò àti kòkó tí èèrà pupa ti fi ewé rán ilé, aláǹtakùn kan wà láàárín wọn tó jọ wọ́n, Myrmarachne. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ṣùgbọ́n ó ń gbé méjì iwájú sókè bí ìwo èèrà, mẹ́fà tó kù ló sì fi ń rìn. Malcolm Edmunds kọ nípa wọn ní Ghana. Ẹyẹ àti kòkòrò apẹran tí kò fẹ́ wàhálà èèrà á fi aláǹtakùn náà sílẹ̀. Ti agẹmọ tí gbogbo ènìyàn máa ń mẹ́nu bà yàtọ̀: àwọ̀ tó ń pààrọ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà tó ń gbà bá agẹmọ mìíràn sọ̀rọ̀, tàbí láti mú ara gbóná, kì í ṣe ohun tó bà lé ló ń dà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ẹyẹ, ẹ ra plasticine, irú èyí tí kì í gan. Ẹ yí i bí kòkòrò ajẹwé, gígùn 3 sẹ̀ǹtímítà, nínípọn 5 mìlímítà. Ẹ ṣe 40 ní àwọ̀ ewé lásán, 40 ní yẹ́lò tó ní òrùka dúdú. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín so wọ́n mọ́ ẹ̀ka, kí wọ́n ga ju 1.5 mítà lọ kí adìyẹ má baà bá yín ṣe ìdánwò, kí wọ́n fi mítà márùn-ún jìnnà síra, kí wọ́n sì wà lábẹ́ òjìji, torí plasticine ń rọ̀ nínú oòrùn, àmì ẹnu á parẹ́. Ẹ ju owó ẹyọ láti mọ èyí tí yóò wà ní ibì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ojú yan án, ẹ ó kó aláwọ̀ ewé sínú ewé, ìdánwò á ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnu ẹyẹ ń fi àmì bí ẹ̀mú sílẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti alángbá jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tó tò ní ìlà títẹ̀. Eku ń fi ọ̀nà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sílẹ̀. Èèrà kàn ń họ ọ́ káàkiri ni, ẹ má kà á mọ́ ti ẹyẹ. Bí ẹyẹ bá ṣá aláwọ̀ ewé 15 nínú 40, tó sì ṣá olórùka 4 péré, ẹ ti rí nǹkan. Bó bá jẹ́ 12 àti 10, kò tíì fi nǹkan kan hàn; ẹ tún un ṣe níbòmíràn pẹ̀lú iye tó pọ̀ sí i. Ẹ rántí pé plasticine kì í rìn, nítorí náà ohun tí ẹyẹ ń sọ fún yín kò kọjá ti àwọ̀ àti ìlà.

Ìdánwò kan tó rọrùn ju èyí lọ: ẹ fa ewé ògbè-àkùkọ tu, ẹ jẹ́ kó rọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ so ó kọ́ nítòsí bọ̀mùbọ̀mù náà. Danaus tó bá bà lé e, tó ń fi ẹnu fa oje ara ewé rírọ náà, ẹ ka àmì dúdú ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹ́rin ni ẹ ó máa bá lára ọ̀pọ̀ wọn, nítorí akọ ló ń wá èròjà kíkorò ibẹ̀, tó fi ń ṣe òórùn ìfẹ́ inú àpò rẹ̀, tó sì tún fi ń kún oró ara rẹ̀.